Bọ́tà Ìkẹyìn Màmá

Ìkòkò bọ́tà kan ṣoṣo ni Màmá fi sílẹ̀. Kó tó kú, ó ní ọjọ́ tí Kebirungi, àbíkẹ́yìn wa, bá ń lọ sílé ọkọ ni kí a fi po eshabwe, ọbẹ̀ funfun wa. Màlúù tí a fi wàrà rẹ̀ ṣe bọ́tà yẹn ti kú. Kò sí òmíràn.

Ní ilé wa ní Ankole, ní Uganda, ẹni tó bá ń po ọbẹ̀ yìí kì í sọ̀rọ̀. Nígbà ayé Màmá, bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná bá ti wà ní títì ní ìdájí, gbogbo wa á máa rìn bí ológbò. Mo ṣì ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ọpọ́n. Bó bá jáde, ọbẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn lápá dé ìgúnpá, funfun bí òwú, àwa ọmọ á sì lá a.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Kebirungi, èmi ni mo jókòó sídìí ọpọ́n. Oòrùn ti mú, àwọn àna sì ti dé. Ninsiima, ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin, gbé omi wá. Ó ti sè é, torí ó ní àwọn àna tó ti Kampala wá kò gbọdọ̀ kó tífọ́ọ̀dù nílé wa. Omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dà á sí bọ́tà àti omi káún, mo pò ó títí. Bọ́tà kọ̀. Ó léfòó, ó ń dán bí ojú ẹja.

Ninsiima yọjú. "Ọkọ mi, ṣé ọbẹ̀ nìyí àbí omi ìfọṣọ?"

Mi ò lè fèsì. Mo kàn wò ó.

"Yéè! Bí ojú bá ń pààyàn, mo ti kú."

Kebirungi gbọ́, ó jáde láti yàrá tí wọ́n fi í pa mọ́ sí. Ẹ̀kọ́ nípa omi ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ti ìka bọ ọpọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dáwọ́ dúró. Ó ti gbóná jù."

"Ìyàwó, padà sínú!" ni Ninsiima wí. "Bí àna bá rí ẹ, wọ́n á ní a ò kọ́ ẹ nílé."

"Kí wọ́n rí mi. Ṣé kí n jókòó kí bọ́tà Màmá bàjẹ́?" Ó kọjú sí mi. "Omi máa ń di ara rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Bọ́tà ò ní ọwọ́ tí omi lè dì mú. Bí omi bá tutù, á so ọwọ́ pọ̀ yí i ká bí ọgbà. Bó bá gbóná, ọgbà á tú, bọ́tà á yọ́, á sá lọ bá bọ́tà ẹgbẹ́ rẹ̀."

Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn, ṣùgbọ́n mo mọ ọgbà. Ibẹ̀ ni mo rántí ìkòkò amọ̀ tí Màmá rì mọ́lẹ̀ ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Inú rẹ̀ ló máa ń gbé kèrègbè omi sí di ìdájí. A rò pé torí ìdákẹ́jẹ́ ló ṣe ń jí ní ìdájí, àṣé torí omi tútù ni. Kò ṣàlàyé fún wa rí.

"Ninsiima," ni mo wí, "gbé omi rẹ lọ sínú ìkòkò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ó sọ̀rọ̀!"

"Mo sọ̀rọ̀. Sáré!"

A gbé ọpọ́n náà lọ síbẹ̀. Àwọn àna ń pàtẹ́wọ́ pé ebi ń pa àwọn. A jẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ wọn. Nígbà tí bọ́tà dì, mo kó o, mo da omi tó wà nídìí rẹ̀ nù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù, díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Ninsiima gan-an dákẹ́. Ọbẹ̀ náà funfun.

Kebirungi gbá apá mi mú, ó lá a dé ìgúnpá, tòun ti aṣọ ìyàwó lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó padà sínú yàrá rẹ̀.

Ìkòkò bọ́tà Màmá ti ṣófo. Mi ò tíì fọ̀ ọ́.