Ohùn Toyibat Jáde Lórí Mọ́tò Alágbo

Ẹ sún mọ́bí! Ìwọ tó ń fọ́ ẹ̀pà lẹ́yìn yẹn, dá ẹnu ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ ariwo ni mo fẹ́ sọ, mi ò fẹ́ kí ariwo ẹ̀pà bò ó mọ́lẹ̀.

Toyibat ló ń pe ọkọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ oníke kan ní Sango. Àwọn ọkọ̀ yẹn ò kọ ibi tí wọ́n ń lọ sára; ohun tí Toyibat bá pè ni kálukú ń tẹ̀ lé. Tó bá pe Ìjù báyìí, ará Ìjù tó wà nílé á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn.

Ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un. Gẹ̀gẹ̀ lọ, ohùn bá a lọ. Ọjọ́ tó padà síbi iṣẹ́, Ephraim, ọ̀gá àwọn ọlọ́kọ̀, ti dúró dè é.

"Toyibat, ẹ máa lọ sinmi nílé. Àkùkọ tí ò lè kọ, kí ló ń ṣe lágbo? Èmi ni màá máa pe ọkọ̀."

Toyibat fa fóònù yọ. Áàpù kan wà lórí ẹ̀: tó bá tẹ ọ̀rọ̀, fóònù á kà á síta. Ó tẹ̀ ẹ́: "Mi ò lọ ibì kankan."

Ohùn tó jáde dà bí ti ẹ̀fọn inú ìkòkò. Ephraim bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló gbé ẹ̀fọn wá?"

Toyibat wọ ibi ètò fóònù lọ. Ó fa ohùn sókè téńté. Ẹ̀fọn náà ni. Ó dín eré ọ̀rọ̀ kù. Ó di ẹ̀fọn tó ń tòògbé. Ó wá débi tí wọ́n ti ń yan ibi tí ohùn máa gbà jáde. Ó ti so sípíkà kékeré kan mọ́ géètì, àmọ́ orúkọ sípíkà méjì ló yọ lójú fóònù, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán, kò mọ èwo ni tiẹ̀. Ó tẹ èyí tó wà lókè, ó kọ: "Alápòtí, ọkọ̀ kẹta!"

Sípíkà ẹnu géètì ò mí.

Lójú títì lọ́hùn-ún, sípíkà orí mọ́tò Fàlílù alágbo, tó ti ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí látàárọ̀, ṣàdédé ké pé: "Alápòtí, ọkọ̀ kẹta!"

Oníbàárà kan tó gbé àgbo sẹ́nu bá eré lọ sídìí ọkọ̀, tòun tife. Fàlílù lé ife ẹ̀ dé géètì. "Ta ló gba ẹnu mi?"

Toyibat ò bẹ̀bẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò sì pariwo ẹ̀: "Èmi ni, mi ò sì ní fi sílẹ̀! Gbé mọ́tò ẹ wá síbí. Ṣé o ò rí gbogbo òṣìṣẹ́ tí ẹ̀yìn ń dùn wọ̀nyí ni? Àgbo ẹ ni wọ́n máa rà!"

Fàlílù wo àwọn òṣìṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ó yá, ẹ máa lò ó."

Inú Ephraim ru. "Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ borí èmi?" Ó fọwọ́ ká ẹnu: "ÌJÙ!"

"Ìjù, ọkọ̀ kejì," ni sípíkà wí.

"AGBÁRA!"

"Agbára, ọkọ̀ kìíní. Ẹ rọra gùn ún."

Iṣan ọrùn Ephraim yọ bí okùn kànga. Toyibat gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló ń lò. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti lọ tán, Ephraim ṣì ń ké: "Lọ́la, ohùn tèmi nìkan lẹ máa gbọ́!"

Ilẹ̀ mọ́, ohùn Ephraim ti há pátápátá, fóònù Toyibat ló bá a sọ fún Fàlílù pé àgbo ọ̀fun ló fẹ́ rà.