Omi Tó Dà Bí Ọbẹ̀ Ilá

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Abigaïl dúró létí pisíìnì, ó ń wo omi tó ki bí ọbẹ̀ ilá àná.

Àbúrò bàbá rẹ̀, Tọ́ńtọ̀n Abel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbẹ́ pisíìnì náà sẹ́yìn ilé wọn ní Bantè, kí àwọn ọmọ àdúgbò lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ láìséwu. Kò fẹ́ kẹ́míkà níbẹ̀. Ó fi ògiri kúkúrú pín in sí méjì: apá kan fún àwọn ọmọ, apá kejì fún òkúta wẹ́wẹ́, eèsún àti òṣíbàtà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo oòrùn ló ń fa omi gba àárín gbòǹgbò wọn. Ohun tó jẹ́ ìdọ̀tí fún èèyàn, oúnjẹ ni fún ewéko. Abigaïl ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń gé èyí tó bá gbó kó tó jẹrà sínú omi.

Tọ́ńtọ̀n ti Savalou dé, ó so bídọ́ọ̀nù jafẹ́ẹ̀lì, kẹ́míkà tó ń pa ìdọ̀tí omi, mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù.

"Abi, mo ti ní sùúrù tó. Àwọn ọmọ ń bọ̀ ní Sátidé. Ta ni yóò ju ọmọ rẹ̀ sínú ilá?"

"Tọ́ńtọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, bí jafẹ́ẹ̀lì bá wọ ibẹ̀, gbogbo ewéko á kú."

"Kí ló wá sọ omi dà báyìí?"

Abigaïl mọ̀ ọ́n. Ó ti rí Ìyá àgbà Judith, ìyá Tọ́ńtọ̀n, láàárín òṣíbàtà ní ìdájí, tòun ti ọṣẹ àti kànrìnkàn. Ìjọ aláṣọ funfun rẹ̀ ní kó máa wẹ̀ nínú omi tó ń lọ, odò sì jìnnà fún orúnkún àgbà. Ọṣẹ yẹn ló ń bọ́ nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó bo omi. Ṣùgbọ́n ẹnu wo lọmọdé fi ń sọ pé ìwẹ̀ àdúrà ìyá ń ba omi jẹ́?

Ó gbé ọ̀bẹ, ó lọ bá Ìyá àgbà bẹ iṣu.

"Ìyá àgbà, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé ní Bobè, ibo lẹ ti ń pọnmi?"

"Ìsun abẹ́ òkè ni. Omi ọ̀hún mọ́ gaara!"

"Ibẹ̀ náà lẹ ti ń wẹ̀?"

"Háà! Kí ẹnì kan gbé ọṣẹ wọ ìsun? Ìyá mi á fọ́ igbá mọ́ ọn lórí! A ó bu omi, a ó gbé e lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ la ti ń…"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí iṣu. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí. Abigaïl tẹ orí mọ́lẹ̀.

"O gbọ́n o. O fi ẹnu mi gbá mi létí."

"Ẹ má bínú."

"Mo ní mo bínú? Àdúrà mi ńkọ́? Omi tó ń lọ ni wọ́n ní."

"Bí mo bá bù ú fún yín níbi tó ti ń ṣàn jáde látinú ẹ̀rọ ńkọ́?"

Ìyá àgbà dìde, ó nu ọwọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Tọ́ńtọ̀n ti ń ṣí ìdérí bídọ́ọ̀nù.

"Abel, dé e."

"Ìyá, omi yìí…"

"Dé e, mo ní. Sọ fáwọn ìyá ọmọ pé omi ń sinmi."

"Ta ló sọ fún yín pé yóò mọ́?"

Ìyá àgbà kò wo ọ̀dọ̀ Abigaïl rárá. "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Tọ́ńtọ̀n rẹ́rìn-ín, ó dé e.

Ní Sátidé, ọmọ kankan kò wá, omi kò sì mọ́. Abigaïl ń fi ráàkì wọ́ nǹkan yíyọ̀ náà jáde, ó ń kó o sídìí ebè. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá ó ti pẹ́ jù. Ní ìdájí kọ̀ọ̀kan, ó ń bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ fún Ìyá àgbà, orin rẹ̀ sì ń wá láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan, tí omi mọ́ díẹ̀, tó sì rí òkúta kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó tún rí èkejì. Ó jókòó tì wọ́n, kò tíì pe ẹnikẹ́ni.