Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kò Kàn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sísàlẹ̀ ìwé ìhágún bàbá wa, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá fún un nínú ìwé yẹn sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Aránṣọ ni. Inú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé bàbá wa ló ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ọlọ́pàá ni àdúgbò ń pè é, torí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀, wọ́n pe lọ́yà pé kó wá kọ bí wọ́n ṣe fẹ́ pín ilé: ṣọ́ọ̀bù fún ẹ̀gbọ́n mi, yàrá ẹ̀yìn fún èmi, gbogbo ìyókù fún àbúrò wa ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́yà yẹn ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹni tó ní òótọ́ lẹ́nu, kí ló fẹ́ fi ohùn dídùn ṣe? Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó ní kí bàbá fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. "Ẹ rí i dájú pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni wọ́n." Ó tẹrí ba, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "O gbọ́? Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn! Kí àwa tí ọ̀rọ̀ kàn wá lọ jókòó síta?"

"Bóyá ó nídìí."

"Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò wa mú nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí wá, òun àti onígbàjámọ̀ ọ̀kánkán wa. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọlé, ó wá dí ẹnu ọ̀nà.

"Onígbàjámọ̀, ó dibo?"

"Wọ́n ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí ni, àǹtí."

"Ìwọ tí ìwọ àti àbúrò mi jọ ń mutí? Ẹni tí o gẹrun fún láàárọ̀, apá kan ṣì ga ju ìkejì lọ. Ojú yẹn lo fẹ́ fi jẹ́rìí?"

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́pàá, mo ti túúbá." Ó padà.

"Ta ló wá máa fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi?" àbúrò wa bi í.

"Èmi! Ojú mi báyìí ni bàbá á ṣe fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ ewé kankan."

Mo wo àbúrò wa. Ó ń wolẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ náà ni," ló wí, jẹ́ẹ́. Ẹni tó máa ń bá a jà lórí omi ìwẹ̀! Títí dòní, mi ò lè sọ bóyá ó mọ̀.

Bàbá fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi náà kọ tirẹ̀ gàdàgbà gadagba.

Lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́yà wá kà á fún wa. Ó kan ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kẹ́dùn. Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Ẹni tí ìwé ìhágún bá fún ní nǹkan kì í ṣe ẹlẹ́rìí sí i, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ náà kì í ṣe é. Bí ó bá ṣe é, ìwé náà dúró, àmọ́ tirẹ̀ ti bọ́. Ẹni tó ni ìyókù ló máa gbà á."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ báyìí lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo sọ ọ́, mà. Mo ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Orúkọ ni mo kọ! Mi ò kọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀!" Ó kọjú sí àbúrò wa. "Wàá dá a padà fún mi, àbí?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, ẹ̀gbọ́n mi."

Oṣù yẹn ò tíì parí tí àbúrò wa fi háyà ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ wà nínú yàrá ẹ̀yìn báyìí, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ní ti tábìlì tó fi ń gé aṣọ, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni bàbá ti kàn án, kò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló mú ayùn, tó rẹ́ ẹ sí méjì.