Ọkọ̀ Tó Ń Fìdí Wọ́lẹ̀

Lójú ọ̀nà tó ti ìlú Marsabit lọ sí Ela Dima, abúlé wa, kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ àbúrò mi Galma. Jíìpù arúgbó ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ìdí rẹ̀ a sì máa wọ́lẹ̀ bí ti ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Èmi Talaso ni mo máa ń kó ẹrù sí i jù lọ: ìyẹ̀fun àgbàdo, ṣúgà, ewé tíì, òróró, gbogbo ohun tí mò ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù mi nílé. Bí a bá to àpò tán, àwọn ìyá yóò gun orí rẹ̀ lọ jókòó, ọkọ̀ yóò tún wálẹ̀ sí i. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa fi Galma ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ lóṣòó bí abo màlúù tó fẹ́ tọ̀. Inú a máa bí mi, nítorí ẹrù mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ìdí tó ń wọ́lẹ̀ yẹn ló ń mú wa délé. Pápá òkúta dúdú kan wà kí èèyàn tó dé Ela Dima, ọ̀nà sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọkùnrin kan ń gbé inú òkúta náà pẹ̀lú ìbọn. Ọkọ̀ àwọn oníràkúnmí tó ń gbé owó ọjà bọ̀ ni wọ́n ń lúgọ dè láti jà lólè. Owó kì í tẹ ọkọ̀, torí náà ọkọ̀ oníràkúnmí a máa ga nídìí, a sì máa fò fẹ̀rẹ̀ lórí òkúta. Tiwa ń rá pálá ni. Bí wọ́n bá ti rí ìdí ọkọ̀ tó ń wọ́lẹ̀ lókèèrè, wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ ìyá àwọn ló ń lọ, wọn a sì jẹ́ ká kọjá. Halake, ọmọ Ìyá Dabo, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó máa ń bá wa wọkọ̀, wà lára wọn. Gbogbo wa la mọ̀, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn irin sípíríǹgì tó ń gbé ìdí ọkọ̀ ró kán tí a sì sùn sínú aginjù pẹ̀lú ìkookò, Galma ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó gbé ọkọ̀ lọ bá Mutwiri, mẹkáníìkì ará Meru tó ní ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ní Marsabit. Mutwiri ti bá a wá sípíríǹgì tuntun, àwọn irin gígùn tó nípọn, tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ọrun. Ó ní irú èyí ni àwọn tó mọ aginjù ń lò.

"Ẹ wo èyí tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yìí jáde, Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi, ó ń na ẹsẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀. "Ó ti nà tán pẹrẹsẹ. Àwọn tó ṣe é rò pé ọ̀nà títì lẹ fẹ́ máa gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ó ti ń gbé wa láti ìgbà ayé bàbá wa," ni mo dá a lóhùn.

"Bàbá yín náà ti lọ sinmi. Ẹ jẹ́ kí irin yìí náà lọ."

Galma rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọmọ yẹn mú ju sípánà rẹ̀ lọ.

Mutwiri fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó to òkúta sábẹ́ igi àyà rẹ̀, ó bọ́ táyà. Ó tú ṣọ́ọ̀kì kúrò, ìyẹn ò pẹ́. Àwọn bóòtù tó di sípíríǹgì mú ló lágídí. Ìpẹtà ti so wọ́n pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì wọn. Ó da epo dísù sí wọn, wọn ò mira. Ó ki páìpù bọ ìdí sípánà, òun àti Galma sì jọ rọ̀ mọ́ ọn títí òógùn fi bò wọ́n. Ní ìgbẹ̀yìn ó gbé iná sí wọn. Gbogbo òwúrọ̀ ló bá a lọ, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ló yẹ ká ti kúrò. Mo wò ó, mo ní lọ́kàn mi pé nǹkan tó ń kọ̀ báyìí, ó yẹ kí èèyàn bi í léèrè ohun tó rí.

Bóòtù tó gbẹ̀yìn kò tú. Ó kán ni, ó sì dún pàù. Àwọn adìyẹ fò lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì. Ìyá Dabo jókòó ti ògiri pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó ń dúró kí a tò tán kó gun òkè. Ó kọjú sí ọ̀nà ilé, kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá.

Ní Marsabit, sípíríǹgì àtijọ́ kì í sun ilẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń gbúròó òòlù Mutwiri láti ibi tí wọ́n wà. Kí ó tó fa irin kejì jáde, ọ̀kan nínú wọn ti dé pẹ̀lú ọmọlanke, ó ti kí Galma, ó ti ṣèlérí ọ̀bẹ méjì fún un, ó ti kó irin lọ. Irin ọkọ̀ yẹn ló ń di ọ̀bẹ tí gbogbo wa fi ń pa ewúrẹ́. Àṣà wa ni, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n de irin tuntun mọ́ ọn tán tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ nà sókè. Galma yí i po, ó ń súfèé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ọmọge."

A to ìyẹ̀fun sí i. Kò wálẹ̀. A to ṣúgà, a gbé òróró lé e, àwọn ìyá gun orí rẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan bí ẹni pé koríko la dì sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń bú u tẹ́lẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Dabo nìkan ni kò gùn ún.

"Galma, ọmọ mi," ó wí, "kò wálẹ̀."

"Kò ní wálẹ̀ mọ́, Ìyá. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn bú."

"Bá mi dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀."

"Ó ti di ọ̀bẹ, Ìyá."

"Kí ni wọn ó wá fi mọ̀ ọ́?"

"Ta ni yóò mọ̀ mí?"

Gbogbo wa mọ orúkọ tó yẹ kó fi dáhùn. Ìyá Dabo ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ohun tí ìyá náà ń wí yé mi, mo sì rí i pé ó yé Galma náà, nítorí ó ń fi ọwọ́ pa imú.

"Ẹ jẹ́ ká sùn síbí," mo wí. "Bó bá di àárọ̀, ojúmọ́ á mọ́ dáadáa, wọn á rí wa."

"Wọ́n á rí àpò ìyẹ̀fun lẹ́yìn ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ojú wọn fọ́ ni? Àwọn ọmọ tí kò tíì jẹun ń wo ọ̀nà wa nílé."

Mo bá a jà. Mo pè é ní olórí kunkun, ó ní ibi tí mo ti gba tèmi náà ni òun ti gba tòun. Ìyá Dabo ló parí ìjà. Ó ní òun yóò jókòó sí góńgó orí àpò, ibi tí ẹ̀dá kankan kò ti ní í ṣàì rí òun, òun yóò sì ṣí gèlè pupa òun sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Ó kọ̀ láti sọ ẹni tí òun fẹ́ kó rí i. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo wọ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Galma, a sì lọ.

Ọkọ̀ náà dára, n kò ní purọ́. Ibi tí a ti ń rọra fà tẹ́lẹ̀, ó ń fò ó. Igbe tí ìdí rẹ̀ máa ń ké lórí gbogbo òkúta kò sí mọ́. Galma tẹ́tí sí i, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ gbọ́? Kò dún."

"Mo gbọ́," ni mo wí. Ariwo yẹn ti ń sú mi láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà, mo wá a títí.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí ìjì eruku dé láti apá aṣálẹ̀. Galma dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, mo sì gbọ́ tí ó ń fa okùn lẹ́yìn. Ó padà wọlé, ó ń nu ojú.

"Ìyá Dabo ńkọ́?" mo bi í.

"Mo ti ní kí gbogbo wọn dùbúlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun, mo sì fi tapólì bò wọ́n. Ṣé ẹ fẹ́ kí eruku pa ìyá arúgbó ni?"

Mo yíjú wo ẹ̀yìn. Tapólì nìkan ni mo rí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́, bí ti ọkọ̀ oníràkúnmí. Iwájú wa, pápá òkúta dúdú ti bẹ̀rẹ̀.

"Galma, dúró. Ṣí wọn sílẹ̀."

"Níbí kọ́, Ẹ̀gbọ́n. A kì í dúró níbí. Ẹ jẹ́ n sáré gbà á kọjá."

Ó sì tẹ iná mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà fò fẹ̀rẹ̀ lórí òkúta.

Ìbọn kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Ó dún pàù, bí bóòtù Mutwiri. Dígí iwájú fọ́, Galma sì fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ọkọ̀ yà, ó kọlu òkúta, ó dúró. Mo pe àbúrò mi. Mo gbé ojú rẹ̀ sókè, mo pè é ní orúkọ tí ìyá wa fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná lórí ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ mi. Kò dá mi lóhùn.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú òkúta, wọ́n ń bọ̀. Nígbà náà ni tapólì ya lẹ́yìn. Ìyá Dabo ti fa ara rẹ̀ jáde, ó dìde dúró lórí ìyẹ̀fun nínú eruku, gèlè rẹ̀ ti bọ́. Ó ké orúkọ tí a kì í pè.

"Halake. Halake, ọmọ mi. Ìyá rẹ ni."

Ìró ẹsẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ kí ẹnìkan tó jáde. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, irun orí rẹ̀ ti kún fún eruku, ó sì ń fa ìbọn lọ́wọ́ bí igi ìdáná. Ó wo ìyá rẹ̀ lókè. Ó wo Galma tó ti máa ń fún un ní ṣúgà lá nígbà tó wà ní kékeré. Mo fẹ́ fò mọ́ ọn kí n fi eyín ya á, àmọ́ orí àbúrò mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó yí lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá nǹkan lára irin tuntun náà. Nígbà tó gbójú sókè, omijé ti la ọ̀nà nínú eruku ojú rẹ̀.

"Ìyá," ó wí, "kò fìdí wọ́lẹ̀. Ọkọ̀ Bọ̀dá Galma máa ń fìdí wọ́lẹ̀."