Àbíyè Kò Ní Wọ Ìkòkò Ọbẹ̀

Lọ́dún 1992, lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, lánlọ́ọ̀dù, na ìka sí adìẹ Sìdíkátù.

"Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, mi ò fẹ́ rí adìẹ yìí láàyè nínú ilé mi mọ́."

Sìdíkátù dìde lórí àpótí. Aránṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Láti ọjọ́ tó ti gba yàrá kan nínú ilé náà, kò bá lánlọ́ọ̀dù jiyàn rí.

"Ẹ ò ní rí i lókùú náà, sà," ló dáhùn.

Àbíyè lorúkọ adìẹ yìí. Òròmọdìẹ ni nígbà tí àwòdì gbé e, tó já bọ́ sórí páànù ilé ìwẹ̀. Sìdíkátù ló gun àkàbà lọ gbé e, tó fi òwú ìránṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán. Láti ìgbà náà, níbi tí Sìdíkátù bá ti ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ ni Àbíyè máa ń bà sí.

Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn tí Àbíyè dédé ń fi ẹnu họ ara bí ẹni tí wọ́n da wèrèpè sí lára. Ìyẹ́ rẹ̀ ń re. Ogbe orí rẹ̀ tó máa ń pọ́n ti ṣá, kò sì yé ẹyin mọ́. Nígbà tí Sìdíkátù tú abẹ́ ìrù rẹ̀ wò, iná adìẹ ló rí, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ tó ní ẹsẹ̀. Agnes, ayálégbé yàrá kejì, sá aṣọ sí tòsí àgò Àbíyè; ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ara ń yún un títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Òun ló lọ fẹjọ́ sun lánlọ́ọ̀dù.

"Ẹ pa á jẹ jàre, kó tó rù jù," ni Agnes wí. "Adìẹ ṣá ni."

"Tí iná bá wọ orí ọmọ yín, ṣé ẹ máa fi ọmọ náà se ọbẹ̀ ni?"

"Háà! Olúwa má jẹ̀ẹ́!"

Sìdíkátù wọkọ̀ lọ sí Dópẹ́mú, sí ṣọ́ọ̀bù Ọlátúnbọ̀sún tó ń ta oúnjẹ adìẹ. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ̀mọ́, adìẹ kan ṣoṣo? Àwọn tó ní igba adìẹ ló ń ra oògùn yìí."

"Ṣé ara kì í yún èyí tó bá jẹ́ ọ̀kan ni?"

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó wọn oògùn lúlú funfun kan fún un. "Ẹ wọ́n ọn sí abẹ́ apá àti abẹ́ ìrù, kó má kàn án lójú. Ẹ fi nǹkan bo imú tiyín. Oògùn kì í pa ẹyin iná, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje. Àgò ńkọ́? Inú àlàfo igi ni wọ́n ń sá pamọ́ sí."

Lọ́jọ́ kejì, Sìdíkátù kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jó koríko inú àgò, ó da omi gbígbóná sí gbogbo igi rẹ̀, ó fi kẹrosíìnì pa ojú ibi tó sán, ó sì sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Ó fi lúlú kun Àbíyè. Ó da eérú gbígbẹ sínú ọpọ́n kí adìẹ náà lè máa yí nínú rẹ̀. Agnes ń wò ó lójú fèrèsé, ó ń mi orí.

Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ara Àbíyè ti mọ́, ṣùgbọ́n iná mìíràn tún wà lórí àgò. Sìdíkátù gbójú sókè. Àwọn ilé ẹyẹlé lánlọ́ọ̀dù ló wà lábẹ́ òrùlé níbẹ̀. Ó gbé àkàbà.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé jáde, Sìdíkátù ṣí agolo mílíìkì kan sí i lójú. Koríko ló wà nínú rẹ̀, iná sì kún orí rẹ̀.

"Inú ilé ẹyẹlé yín ni mo ti bù ú, sà. Orí àgò mi ni wọ́n ń já bọ́ sí."

"Ta ló ní kó o gun ilé mi?"

"Èmi ni mo rán ara mi. Tí Àbíyè bá máa kú nítorí iná, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹyẹlé ṣáájú."

"O wá ń fi ẹyẹlé mi wé adìẹ rẹ?"

"Iná ni mo fi wé iná, sà."

Agnes tó wá wòran fọwọ́ bo ẹnu. Lánlọ́ọ̀dù ń wo agolo, ó ń họ ọrùn, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Tí mo bá ní kó o kó ẹrù rẹ ńkọ́?"

Sìdíkátù gbé agolo náà sílẹ̀. "Màá kó o, èmi àti Àbíyè la jọ máa lọ. Iná yín ò ní bá wa lọ ṣá."

Bàbá náà pòṣé, ó wọlé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó yọrí.

"Lúlú yẹn, ṣé ó kù?"

"Ó kù, sà. Ẹ bo imú yín kẹ́ ẹ tó gun àkàbà. Ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje."

Kò tọrọ àforíjì. Sìdíkátù náà kò retí rẹ̀. Ogbe orí Àbíyè pọ́n padà díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, nígbà tó sì di oṣù kejì, ó sàba lé ẹyin mẹ́sàn-án. Lánlọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú àgò.

"Sìdíkátù, má sọ fún mi pé gbogbo ẹyin yìí lo fẹ́ kí Àbíyè pa."

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà," ó dáhùn, ó sì ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.