Ìyàwó Ọwọ́ Òsì

"Ṣàmsù, ìlà yìí ti padà sílé."

Àsúmáù kò gbójú sókè nígbà tó sọ ọ́. Ó tẹ̀ba sórí tábìlì ìjẹun àbúrò rẹ̀, ó wọ awò ojú kan, ó tún fi ìkejì lé e, ó sì ń fi orí abẹ́rẹ́ tọ ìlà lórí ìwé ńlá kan, bó ṣe máa ń tọ ìlà pátáànì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Nunhead. Ìwé náà bo tábìlì tán, ó tún yọ létí méjèèjì.

"Ìlà wo ló padà, ẹ̀gbọ́n mi?" Ṣàmsúdéènì béèrè. Orí àga tìmùtìmù ló jókòó sí, ó ń kọ orúkọ àlejò sára àpò káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Láti àárọ̀, orúkọ mọ́kànlá péré ló tíì kọ, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í yá sí ìwé kíkọ. Igba káàdì ló wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ló fẹ́ pín wọn ní mọ́ṣáláṣí.

"Ọkùnrin yìí, Ludwig. Bàbá bàbá rẹ̀ nìyí. Ìyàwó rẹ̀ nìyí, Amalia. Bàbá bàbá tiẹ̀ náà nìyí." Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ orúkọ kan ṣoṣo. "Ẹnì kan náà ni."

Ṣàmsúdéènì rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé. "Ọba ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ àwọn ọba máa ń jọra."

"Ṣé ọjọ́ ikú wọn náà máa ń jọra ni?"

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi bíírò sílẹ̀, ó dìde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìwé yìí ti wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ ní Peckham kó tó di pé ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Nusaybah, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, sọ pé òun ti rí ọkọ, Ṣàmsúdéènì ní àfi kí àwọn kọ́kọ́ wádìí ìdílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé: ṣé wọn kì í ya wèrè, ṣé wọn kì í jalè, irú ikú wo ló ń pa wọ́n. Òyìnbó ni ọmọkùnrin náà, Jonathan, ó ń ṣiṣẹ́ ọgbà ní páàkì Peckham Rye, ó sì ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣáájú kó tó mọ Nusaybah rárá. Ọmọ náà kàn mẹ́nu bà á, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, pé nígbà láéláé, wọ́n jọba ní ìlú kékeré kan ní Jámánì nínú ìdílé àwọn, ìdílé von Wolfsacker. Àbúrò bàbá rẹ̀, Aunty Bernice, bá fi ìwé ìtàn ìdílé náà ránṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Ṣàmsúdéènì ò tún béèrè ọ̀rọ̀ wèrè mọ́.

Ṣebí òun náà kúkú ní orúkọ tirẹ̀ láti tọ́jú. Ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ìmọ́tótó ni ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni "Prince" ṣàdédé yọ níwájú orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìpolongo mọ́ṣáláṣí. Kò sẹ́ni tó béèrè ààfin tó ti wá. Àsúmáù nìkan ló lè béèrè, òun sì kì í ka ìwé ìpolongo.

"Wọ́n fẹ́ra wọn!" Àsúmáù ti ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó di orí mú. "Ṣàmsù, ọmọ ìyá fẹ́ ọmọ ìyá! Yéè! O sì gbé e kọ́ pálọ̀, níbi tí o ti ń kírun!"

Nusaybah ti ilé ìdáná yọ pẹ̀lú àwo sàmósà. "Cousin ni wọ́n, Aunty. It's not that deep."

"Kí ni cousin? Sọ ọ́ ní Yorùbá kí n gbọ́."

Nusaybah la ẹnu. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Hamid ọmọ mi ńkọ́? Kí lo máa ń pè é?"

"Brother Hamid."

"Ó parí."

"Ṣùgbọ́n Aunty, ẹ̀sìn ò sọ pé haram ni now."

"Ẹ̀sìn gbà á láyè, èmi ò gbà á láyè. Ṣé wàá fẹ́ Hamid?"

"Ew! Aunty! Astaghfirullah!"

"Ehn-ehn. Ìwọ náà gbọ́ ara ẹ." Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ó padà níbí. Ó tún padà níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, Ṣàmsù! Ẹ ní igi ìdílé ni. Bẹ́líìtì ni èyí."

Ṣàmsúdéènì wo ògiri tó ti sọ ìwé náà kalẹ̀. Ó rántí gbogbo àlejò tó ti mú wá síwájú ìwé yìí. Ó rántí Alhaji Adébánjí, tó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí ìlú wọn ní Ìwó. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, aago ẹnu ọ̀nà dún.

Jonathan ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ̀nà tóóró náà débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín ilẹ̀kùn. "Ẹ káàsán, Daddy. Ẹ káàsán, Aunty mi." Aunty Bernice dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà kọjá láìtẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá gíga kan ni, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé kéèkì lọ́wọ́, ó sì sọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó pé kò sí ọtí nínú rẹ̀.

Àsúmáù ò dúró kí kéèkì kan tábìlì. "Madam," ó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, "kí ló dé tí àwọn èèyàn yín ń fẹ́ ara wọn?"

Bernice wo ibi tí abẹ́rẹ́ wà, ojú rẹ̀ sì tàn bíi ti olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìbéèrè gidi. "Áà! Kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè fẹ́ ni. Òfin ìdílé wọn ni pé ọmọ ọba gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ ọba. Ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso ò sì ju Peckham àti Nunhead lọ. Tí wọn ò bá fẹ́ ara wọn, ta ni kí wọ́n fẹ́?"

"Tí ọ̀kan wá lọ fẹ́ràn ọmọ mẹ̀kúnnù ńkọ́?" Nusaybah béèrè.

"Ó lè fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n níwájú àlùfáà, ọwọ́ òsì ló máa nà sí ìyàwó, kò ní na ọ̀tún. Ìyàwó náà ò ní jẹ́ oyè ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní jogún ohunkóhun, orúkọ míì pátápátá ni wọ́n á fún wọn. Ìgbéyàwó ọwọ́ òsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo ọwọ́ kékeré tí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yìí." Bernice rẹ́rìn-ín sí Nusaybah tìfẹ́tìfẹ́. "Tó bá jẹ́ ayé ìgbà yẹn ni, ọmọ dáadáa, ìwọ náà á gba ọwọ́ òsì."

Nínú ilé tí wọ́n ti bá ọmọ ọdún méjì wí nítorí pé ó fi ọwọ́ òsì gba bísíkíìtì, obìnrin yìí jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ léra, ó sì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu.

"Ọwọ́ òsì," Ṣàmsúdéènì wí. Ó tún un wí ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń tọ́jú fún ìpàdé àwọn ọ̀gá ibùdókọ̀. "Madam, ṣé ọmọ mi, ọmọ Prince Ọláoyè, lẹ fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbà?"

"Rárá o!" Ojú Bernice pọ́n. "Òfin náà ti kú, sir! Ààfin gan-an ti di ilé ìtọ́jú eyín!" Ó ń wá nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, ó mú káàdì kan nínú páálí, ó sì kà á, bóyá kí ọ̀rọ̀ lè yí padà. Lẹ́yìn náà ló tún un kà.

"Ta ni Prince Jonathan von Wolfsacker?"

Jonathan pupa láti ọrùn títí dé etí. "Daddy, Lindner ni mo ń jẹ́."

"Mo mọ̀. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló jẹ́ kó o máa pa orúkọ ọba yẹn mọ́."

"Daddy!" Nusaybah ti já káàdì gbà. "Ẹ ti print ẹ̀? Gbogbo ẹ̀? Ẹ ní ẹ máa fi hàn mí first!"

Aunty Bernice fi ìka lé ọwọ́ kékeré tó wà lórí ìwé náà. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Lina rèé. Òun ló ń lọ ẹ̀wù fún ọmọ ọba. Ọmọ ọba náà sì fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Lindner ni orúkọ tí wọ́n fún un, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà jẹ́ tiwọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ṣẹ̀ wá, sir. Jonathan kì í ṣe Prince. Kò sí Prince kankan nínú wa láti ìran márùn-ún."

Ṣàmsúdéènì padà jókòó sórí tìmùtìmù. Ó ti sọ fún Lèmọ́mù. Ó ti sọ fún Adébánjí. Ó ti sọ fún obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀, ẹni tí kò tilẹ̀ bi í.

"Kò sí ìgbéyàwó," ó wí.

Jonathan wo Nusaybah, Nusaybah wo bàbá rẹ̀. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù, torí ìyá rẹ̀ náà kì í pariwo.

"Nítorí kí ni, Daddy? Nítorí pé wọ́n fẹ́ cousin, àbí nítorí pé Jonathan kì í ṣe Prince? Just tell me which one."

Ṣàmsúdéènì fẹ́ sọ pé ti cousin ni. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìdáhùn kejì nínú ara rẹ̀ kedere, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ sétí rẹ̀, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á. Ó pa ẹnu dé.

Àsúmáù ní tirẹ̀ ò tíì kúrò nídìí tábìlì. "Ẹ ní ó ń lọ aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bernice dáhùn.

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì. Ọmọ tìyẹn fẹ́ nọ́ọ̀sì ará Ireland, wọ́n sì wá sí London."

Abẹ́rẹ́ Àsúmáù ń sọ̀ kalẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Lina, sí oníbúrẹ́dì, sí nọ́ọ̀sì, sí awakọ̀ ojú irin kan, títí ó fi dé Jonathan. Kò yà, kò sì padà. Ó yọ awò ojú kan, ó fi èkejì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣàmsù, wá wo èyí. Ìlà ọwọ́ òsì yìí nìkan ni kò padà sílé. Òun nìkan ló fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ṣàmsúdéènì ò dìde.

Àsúmáù wá fi Yorùbá ilé bá a sọ̀rọ̀, irú èyí tí Nusaybah kì í gbọ́ tán. "Ta ni wọ́n máa ń so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ní ilé kéwú, kó lè fi ọ̀tún kọ wàláà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò wà níbí."

"Èmi ni mo máa ń tú u tó o bá délé. Okùn ẹní ni wọ́n fi ń so ó. Okùn ẹní Bàbá, ẹní tó ń tà níwájú ààfin." Ó na abẹ́rẹ́ sí i. "Níwájú ni, Ṣàmsù. Bàbá ò wọnú ẹ̀ rí."

Lọ́tẹ̀ yìí, Nusaybah gbọ́ ọ tán. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, tó wà lórí orúnkún méjèèjì, bí ẹni tó ń rí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. "Daddy, left-handed ni yín?"

Ṣàmsúdéènì kó ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí orúnkún. "Jonathan," ó wí, "jókòó. O ti dúró pẹ́ jù. Nusaybah, gé kéèkì yẹn fún Mummy Bernice."

Ó fa páálí náà mọ́ra, ó mú bíírò. Lórí káàdì àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pa "Prince" rẹ́ níwájú orúkọ Jonathan, ó pa "von Wolfsacker" rẹ́, ó sì kọ "Lindner" sókè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń wọ́ tẹ̀lé èkejì bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ ilé ìwé. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ gòkè sí ìlà àkọ́kọ́, níbi tí Prince Ṣàmsúdéènì Ọláoyè ti ń pe àwọn èèyàn. Bíírò dúró lókè ibẹ̀. Bernice pàápàá dá jíjẹ kéèkì dúró.

Ó pa ìyẹn náà rẹ́.

Ó mú ìkejì. Ó ku igba ó dín méjì. Bó bá ń lọ báyìí, ìrun Jímọ̀ á bá a níbẹ̀, Jímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá. Ó wo bíírò náà, ó sì gbé e sí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ náà gbà á bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún. Ìkejì parí. Ìkẹta parí. Lindner, Lindner, ó dúró ṣinṣin, ó sì rẹwà.

Àsúmáù sún páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì àbúrò rẹ̀, níbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o.