Ọmọ Tí Ariwo Kì Í Dà Láàmú

Bí ẹ bá wọ àgbàlá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé ẹ ó fi ìka di etí. Ẹ̀rọ ìfági mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó gbà kí èkejì sọ̀rọ̀. Ilé ìlagi tún fara ti ògiri ẹ̀yìn, ìyẹn ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àfi kó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, tàbí kó máa ju ọwọ́ bíi wèrè. Níbẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà tí mò ń wí yìí ti ń tọ́ ọmọ.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kú nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mú, yàrá kan ṣoṣo tó ní sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló ń bọ́ wọn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá láti ìlú tirẹ̀, ó jókòó ti ọmọ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ló ní kí àna òun jẹ́ kí òun gbé e lọ.

"Àna mi, ariwo ibí yìí á pa ọmọ yìí."

"Màámi, ẹ wò ó," ni gbẹ́nàgbẹ́nà dáhùn. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bú ramúramù. Ọmọ tó sùn sínú àpótí pákó tí bàbá rẹ̀ kàn fún un ò tiẹ̀ mira. Ìyá àgbà wò ó títí, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Inú gbẹ́nàgbẹ́nà dùn lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn nìkan ló kù ú kù. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun, kò bojú wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gbé ọmọ yìí lọ pẹ́nrẹ́n, ta ni yóò wá kù tí yóò máa kí káàárọ̀?

Báyìí ni ọmọ ṣe ń dàgbà láàárín èépá igi. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí pé kò sí ohun tó ń já a láyà. Lọ́jọ́ kan, pákó tí wọ́n tò sára ògiri ya lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ọkùnrin gìrìwò fò sókè, ẹnìkan tiẹ̀ da tíì gbígbóná sí itan ara rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń to ègé igi rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ni gbogbo àgbàlá bá pàtẹ́wọ́ fún un.

"Akọni obìnrin lèyí," ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ wí, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ṣe àga, tí wọ́n ń pè ní Ìṣó. "Tó bá dàgbà, ṣọ́jà ló máa fẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ ò bá ṣe ṣọ́jà."

Gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ ò rí i bí inú ẹni ṣe lè máa dùn sí ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù.

Ohun kan ṣoṣo tó ń yọ Jẹ́jẹ́ lẹ́nu ni etí. Ara rẹ̀ á gbóná, á máa fa etí, á máa fi orí gbá bàbá rẹ̀ láyà, tó bá di ọjọ́ kejì, ọyún á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Wọ́n á gba oògùn, á lọ. Kò ní pẹ́, á tún dé, bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Bàbá rẹ̀ ti mọ bí oògùn yẹn ṣe rí lẹ́nu, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó gbà láti mu ún. Èyí tó tún ń kọ ọ́ lóminú ni pé ọmọ ti lé lọ́dún méjì, kò tíì pe "Bàbá" rí. Á nawọ́ sí nǹkan, á ní "ẹ̀ẹ̀, ẹ̀ẹ̀", ó parí. Síbẹ̀, bàbá yìí ò yé bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, nípa igi tó wọ́, nípa oníbàárà alágídí, nípa ìyá rẹ̀ àti bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún.

Nígbà tí oògùn ò ràn án mọ́, wọ́n darí wọn sí ọ̀dọ̀ dókítà etí ní ilé ìwòsàn ńlá. Obìnrin ni, ó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi iná wo inú etí méjèèjì, ó wá ní kí nọ́ọ̀sì dúró sẹ́yìn ọmọ kó mi aago kékeré kan. Jẹ́jẹ́ ò wẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì fi ṣíbí lu abọ́. Jẹ́jẹ́ ń wo bàtà dókítà.

"Bàbá Jẹ́jẹ́," ni dókítà wí, "omi ti kó sẹ́yìn awọ tó wà nínú etí ọmọ yín, ó sì ti ki bí oyin. Bí ẹni tó wà lábẹ́ omi ló ṣe ń gbọ́ ohun gbogbo. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì sọ̀rọ̀."

"Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni, Dókítà. Ariwo kì í dà á láàmú rárá."

Dókítà mi orí. "Kì í ṣe pẹ̀lẹ́, Bàbá. Kò gbọ́ ni."

Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn oorun, wọ́n á la awọ etí náà díẹ̀, wọ́n á fa omi yẹn jáde, wọ́n á wá ki túùbù kan tí kò tó hóró ìrẹsì bọ ojú ibẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé, kí omi má bàa kó jọ mọ́. Tó bá yá, túùbù náà á jábọ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà kì í pẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n á padà sílé. Ibi tó ti dárúkọ ilé ló ti béèrè irú ilé tí wọ́n ń gbé. Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ fún un, kò fi kan pa mọ́. Dókítà gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Tí etí yìí bá là, ọmọ yìí ò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa máa gbọ́. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ sì lè ba etí ọmọdé jẹ́ débi tí túùbù ò ní lè tún un ṣe. Ṣé ẹ ní ibòmíràn?"

"A máa wá nǹkan ṣe sí i, Dókítà."

Irọ́ ni. Níbo ló fẹ́ wá? Ìyá kan ń tọ́jú ọmọ ní òpópónà kejì, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ìyẹn ń dá ọmọ padà, òun ò sì lè pa ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá tiẹ̀ rí ti ọ̀sán yanjú, ilé ìlagi ń dúró dè wọ́n lóru. Ibi kan ṣoṣo tó kù ni ọ̀dọ̀ Màámi, ìrìn odidi ọjọ́ kan sì ni sí ibẹ̀.

Wọ́n dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́ náà pé, kò lọ. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó ní ọmọ ṣì kéré jù. Ó ní ọ̀rọ̀ abẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ: abẹ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, yàrá òfìfo ni. Ó ti gbé inú yàrá yẹn rí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ara ọmọ ò yá, tó wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, ó sì mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá jí tí kò sí ẹni tó ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìlagi náà dákẹ́, débi pé wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí páànù. Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó pè é. Kò dáhùn. Ó tún pè é, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Nígbà tó máa pè é lẹ́ẹ̀kẹta, igbe ló fi pè é, Ìṣó yọ orí wọlé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ń to igi. Àfìgbà tí òjìji bàbá rẹ̀ bọ́ sí iwájú rẹ̀ ló tó yíjú, bó sì ti rí i, gbogbo ojú rẹ̀ tàn, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló pa á. Ó jókòó sórí èépá igi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń bá ọmọ yìí sọ láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo ìtàn ìyá rẹ̀, ògiri ló ń sọ ọ́ fún.

"Kí ló dé?" ni Ìṣó bi í.

"Ọmọ yìí ò mọ orúkọ ara rẹ̀."

Ìṣó, tí kì í wá ẹ̀fẹ̀ tì, wọlé. Ó wá jókòó tì í. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà padà lọ bá dókítà, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì dá ọjọ́ mìíràn fún un.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Jẹ́jẹ́ ò gbọdọ̀ jẹun, ó sì fi igbe jẹ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀ pé ebi ń pa òun. Nọ́ọ̀sì tó wá gbà á béèrè pé, "Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí. Kò mọ ohun tó mú òun sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ dáadáa, bá fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìyá ọmọ. Wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn pa dé, ó ku òun àti àga yẹn. Àwọn èèyàn wọlé ní méjì méjì, tọkọtaya, ìyá àti ọmọ. Ọkùnrin kan na ọwọ́ sí àga náà, ó ní, "Ṣé ó lẹ́ni tó ni ín?" Gbẹ́nàgbẹ́nà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà lọ dúró sára ògiri. Ojú ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣùgbọ́n kò lè yí i padà mọ́. Bàtà Jẹ́jẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yọ èépá igi kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, igbe ni ọmọ ń ké, ó ń ta nọ́ọ̀sì nípàá. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé e mọ́ra.

"Ó tó, Jẹ́jẹ́. Bàbá rẹ rèé."

Igbe dá dúró lójijì. Ọmọ fà sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó mú ìka rẹ̀, ó fi kan ètè bàbá rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan yẹn ti jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà tún un sọ. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ni, ohun tó wá sí i lẹ́nu ló ń sọ, igi, ilẹ̀kùn, fèrèsé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ìka kékeré yẹn ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ayọ̀ náà ò dé ilé. Ẹnu géètì àgbàlá ni wọ́n wà tí ẹ̀rọ ẹnìkan fi bú jáde. Jẹ́jẹ́ lọgun, ó gun bàbá rẹ̀ bí igi, ó fi orí ha sí ọrùn rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, kí n má parọ́ mọ́ wọn, pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n pa á lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú, wọ́n ń fi ọwọ́ fági. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́, ilé ìlagi ò sì mọ ẹnì kankan. Ọmọ ò sùn. Bó bá fẹ́ tòògbé, á ta gìrì. Ìṣó wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbá a léjìká. Gbẹ́nàgbẹ́nà mú fóònù.

"Màámi, ẹ wá gbé e."

Ìyá àgbà béèrè pé, "Ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Rárá, Màámi. Ó ti ń gbọ́ràn."

Ohun tí obìnrin yìí ti ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò dùn. Ó ní òun ń bọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà di ẹrù ọmọ fúnra rẹ̀. Ní ibùdókọ̀, ó kó oògùn tí wọ́n ń kán sí etí lé ìyá àgbà lọ́wọ́, ó ní kí omi ìwẹ̀ má kó sínú etí náà, ó ní bí wọ́n bá ti rí ọyún, kí wọ́n má dúró dọ̀la. Ó ní òun á máa wá ní gbogbo òpin oṣù.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, Màámi. Ẹ sọ ti ìyá rẹ̀ fún un. Kò tíì gbọ́ ọ rí."

"Mo gbọ́, àna mi."

Ìyá àgbà pọn ọmọ, ó ń gba àárín ọkọ̀ lọ síbi tí tiwọn wà. Oorun ti ń kun ọmọ náà, torí pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, àwọn ọkọ̀ ò tíì máa pariwo, láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti là, kò sì tíì rí ibi tó dákẹ́ tó báyìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ò tẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí wọ́n ti jìnnà sí i díẹ̀, ó sọ ọ́ lóhùn kékeré, bí ó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, láì retí pé ẹnikẹ́ni á gbọ́:

"Jẹ́jẹ́, ó dàbọ̀ o."

Ọmọ gbé orí sókè. Ó yí ọrùn padà láti ẹ̀yìn ìyá ìyá rẹ̀, ó wá ojú bàbá rẹ̀ láàárín èrò títí ó fi rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn tó sì yíjú. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń jà kó bọ́ sílẹ̀, ó ń ké, ọ̀já fẹ́ tú. Ìyá àgbà dúró, ó ń jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀, omi ti lé sí ojú òun náà.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́."

Ọmọ dákẹ́, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ń dúró kó tún pe òun. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé wọn lọ.